Ta ló ń kọ ohun tó ń jáde látinú ilẹ̀ wa sílẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ bọ́hóòlù rí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ariwo ẹ̀rọ á gba gbogbo àdúgbò, eruku á bo páánù, ẹni tó sá aṣọ á máa ṣépè. Bí irin kan bá ti wọlẹ̀ tán, ọmọ iṣẹ́ á fi ṣọ́bìrì bu díẹ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ tú jáde, á dà á sílẹ̀ lọ́tọ̀, irin kejì, òkìtì kejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe tò wọ́n lọ gbọọrọ bí èlùbọ́ tí wọ́n pàtẹ. Lọ́dún tó kọjá tí mo gbẹ́ tèmi lẹ́yìn Under G, òkìtì 16 ni mo kà. Àwọn àkọ́kọ́ pupa bí epo, àwọn tó tẹ̀ lé e funfun, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí amọ̀, láti ìkẹfà lọ ló di eruku àpáta tó dà bí eérú, tó ń dán wínríwínrí. Omi ò jáde. Nílé Alhaja tó wà ní òdì kejì títì, omi ń da ṣùú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye irin tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó kàn án, ẹni tó gbẹ́ ẹ ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, Alhaja fúnra wọn ní "wọ́n ṣáà gbẹ́ ẹ jìnnà" nìkan làwọn rántí. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ti kó eruku àpáta tèmi lọ po sìmẹ́ǹtì, adìẹ tú ìyókù ká. Owó ńlá ni mo fi ra ìròyìn ilẹ̀ yẹn o.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ ni pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ní ju kó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ni tó bá fẹ́ rí i sì rí i. Mi ò sọ ti sọ́fè tí wọ́n fi ń ta púlọ́ọ̀tì o, ìyẹn ti pọ̀ jù.

Àpáta líle àtayébáyé ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tiwa yìí. Omi ò dúró síbẹ̀ bí adágún, inú ibi tí àpáta ti jẹrà àti ibi tó ti sán ló ń sá pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí ilé kan fi ń rí omi tí ilé kejì ń rí eruku. Máàpù àpáta 1:100,000 tí ìjọba àpapọ̀ ń yà, sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé ni kìlómítà kan lórí ilẹ̀, púlọ́ọ̀tì kan ò tó ẹnu bírò lórí ẹ̀. Ó wúlò, ẹ má ṣì mí gbọ́, àmọ́ kò lè sọ ibi tí mo máa gbẹ́ fún mi. Ohun tó lè sọ ọ́ ni àkọsílẹ̀ àwọn ihò tí wọ́n ti gbẹ́ yí mi ká, ihò náà sì pọ̀ láti Takie dé Ìjẹ̀rù bí ihò eku, àkọsílẹ̀ ni ò sí.

Àwọn kan á ní òfin ò gbà á. Lóòótọ́, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kó ohun àlùmọ́nì àti ìwádìí àpáta sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, àjọ wọn tó ń wádìí ilẹ̀ àti àpáta, NGSA, tó ti wà láti 1919 lórúkọ míì kí òfin 2006 tó sọ ọ́ di bó ṣe wà yìí, Àbújá ló fìdí kalẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ní kí Ọ̀yọ́ máa pín láísẹ́ǹsì kùsà. Ṣùgbọ́n kànga ẹ̀yìnkùlé mi, ṣé kùsà nìyẹn? Àwọn aṣòfin wa n'Íbàdàn lè ní kẹ́ni tó bá gbẹ́ bọ́hóòlù fi ìwé ojú ewé kan ránṣẹ́, kó kọ ibi tó gbẹ́, bó ṣe jìn tó, àwọ̀ òkìtì kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti kan omi. Kí wọ́n fún NGSA náà ní ẹ̀dà, ó tán.

Ní Kentucky l'Amẹ́ríkà, láàárín 1960 sí 1978, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ wọn jọ ya gbogbo ìpínlẹ̀ náà ní 1:24,000, sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé ni mítà 240 lórí ilẹ̀, máàpù 707, àwọn tó padà ṣírò ẹ̀ ní èrè ibẹ̀ tó ìlọ́po 25 owó tí wọ́n ná, ó kéré tán, àwọn tó ń wá omi sì wà lára àwọn tó jẹ nínú ẹ̀. Ti Kansas, ìpínlẹ̀ míì l'Amẹ́ríkà, ló wù mí jù. Inú yunifásítì ni ọ́fíìsì náà wà, kì í fún ẹnikẹ́ni láṣẹ, kì í gba owó ìtanràn. Ìwé tí agbẹ́kànga bá kọ fún ìjọba, wọ́n á kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àgbẹ̀ á fi fóònù ẹ̀ wò ó.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí gómìnà gbọ́ dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ yìí, tí ọ́fíìsì bá ti ń gbowó, kò ní pẹ́ táá fi di ti tásíkífóòsì, àwọn agbẹ́kànga á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tiwọn lóru. Nígbà tí nǹkan abúgbàù bú ní Bódìjà lọ́jọ́ 16 oṣù Kínní 2024, tí gómìnà ní àwọn awakùsà tí ò gbàṣẹ ló kó o pamọ́ sílé, ọ̀rọ̀ ta ló ní ìwé, ta ni ò ní, ló gba gbogbo ẹnu. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn kú. Àmọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíì tó máa ṣe é. Ẹni tó máa kọ àwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mú tíkẹ́ẹ̀tì dání, torí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í gbọ́ òótọ́ lẹ́nu èèyàn.

LAUTECH, yunifásítì tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ni kí wọ́n gbé e sí. Láti 2020 tí Ọ̀ṣun ti fà sẹ́yìn, Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín, ẹnì kankan ò lè ní òun ń dúró de ìjọba kejì mọ́. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń wá pùrójẹ́ẹ̀tì. Yàrá mẹ́ta, kọ̀ǹpútà díẹ̀, pẹpẹ tí wọ́n máa to ọ̀rá eruku àpáta sí, òṣìṣẹ́ tí ò pọ̀. Owó ẹ̀ ò tó ti máìlì kan títì.

Àwọn agbẹ́kànga ń padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgun kejì ilẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ gbìyànjú. Mo ti ra ọ̀rá 20 àti máákà, mo ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ wọn pé òkìtì kankan ò gbọ́dọ̀ di ti bíríkìlà. Ibi tí mo máa kó wọn lọ lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò mọ̀.