Èsì wa sí ìyá tó ra ọmọ pẹ́pẹ́yẹ méjìlá: ìdí tí omi fi wọ̀ wọ́n lára

Ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. A ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ 12 tí ẹ rà lọ́dọ̀ wa nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀, a sì tún un kà kí a tó jókòó láti dá yín lóhùn. Ẹ sọ pé ara wọn dọ̀tí, pé wọ́n ń rùn, àti pé nígbà tí ẹ bu omi sínú agbada fún wọn kí wọ́n lè wẹ̀, ńṣe ni ìyẹ́ wọn lẹ̀ mọ́ wọn lára bí aṣọ tí òjò pa, tí méjì sì kú mọ́jú. Ẹ wá sọ pé ohun tí a tà fún yín kì í ṣe ojúlówó pẹ́pẹ́yẹ, nítorí pé omi kì í dúró lára pẹ́pẹ́yẹ gidi, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í dúró lórí ewé kókò. A bá yín kẹ́dùn àwọn méjì tó kú. Pẹ́pẹ́yẹ gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a ó sì sọ ibi tó wà.

Abẹ́ adìẹ ni àwọn tí ẹ rà ti jáde látinú ẹyin, a kò sì sọ fún yín. Pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ wa yìí, èyí tí awọ pupa oníkókó máa ń yí ojú rẹ̀ ká (bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá), nǹkan bí ọjọ́ 35 ni ẹyin rẹ̀ máa ń lò kó tó pa. A máa ń gbé ẹyin náà sábẹ́ adìẹ tó ń sàba kí ìyá pẹ́pẹ́yẹ lè tètè padà yé òmíràn, ọmọ tó sì ń jáde níbẹ̀ kò lábùkù kankan lára. Ohun kan ṣoṣo ni kò rí gbà. Lórí ìdí pẹ́pẹ́yẹ, níbi tí ìrù ti yọ, kókó kékeré kan wà tí epo ń sun jáde nínú rẹ̀. Ìyá a máa fi àgógó mú epo yìí, a sì máa fi kun ìyẹ́ rẹ̀ láti àyà dé ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ bá rá wọ abẹ́ rẹ̀ lálẹ́, epo náà yóò máa pa wọ́n lára díẹ̀díẹ̀. Kókó epo ti ọmọ fúnra rẹ̀ kì í tíì ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá wà lẹ́yìn ìyá lè tẹ̀ lé e wọ odò kó sì jáde láìséwu. Èyí tó jáde lábẹ́ adìẹ, bí a bá gbé e sínú agbada omi, òtútù ni yóò pa á. Ó yẹ kí a ti sọ èyí fún yín ní ọjọ́ tí ẹ wá gbé wọn.

Epo nìkan kọ́ ni kì í jẹ́ kí omi wọ pẹ́pẹ́yẹ lára o. Bí ẹ bá mú ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó ti dàgbà, tí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀ka tín-ín-tín ló tò sí ọ̀tún àti sí òsì ọ̀pá àárín rẹ̀, àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí sì ní ìkọ́ kéékèèké tí wọ́n fi di ara wọn mú bí sípì aṣọ. Bí ẹ bá fi ìka ya á, yóò là. Bí ẹ bá tún fi ìka fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, yóò padà so pọ̀. Iṣẹ́ tí pẹ́pẹ́yẹ ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ bá rí i tó ń fi ẹnu tú ara rẹ̀ wò láti àárọ̀. Irun múlọ́múlọ́ tó wà lára ọmọ kékeré kò ní ìkọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá mọ́ tó sì gbẹ, yóò dá omi díẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, omi yóò dé awọ ara kíá.

Àwòrán kejì tí ẹ fi ránṣẹ́ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa. Èérí ògì ti gbẹ mọ́ àyà ọmọ tó wà níwájú, ó ti so irun rẹ̀ ní ìdì-ìdì, awọ ara sì ń hàn pupa láàárín ìdì kan àti èkejì. Ipin wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sọ pé ìdọ̀tí yìí ni ẹ fẹ́ wẹ̀ kúrò tí ẹ fi da ọṣẹ ìfọṣọ sínú omi, àti pé aládùúgbò yín kan ní kí ẹ fi epo pupa pa wọ́n lára lẹ́yìn náà, kí ó lè rọ́pò epo tí ọṣẹ bó. Ìfẹ́ ló mú yín ṣe é, a mọ̀. Ṣùgbọ́n epo pupa kò jọ epo ìdí pẹ́pẹ́yẹ rárá: a máa dì ní òwúrọ̀ ọyẹ́, a máa di eruku mú, a sì máa lẹ irun mọ́ra ju èérí lọ.

Ní ti mẹ́wàá tó kù, ẹ ṣà àwọn tí epo pupa wà lára wọn sọ́tọ̀. Lẹ́ẹ̀kan yìí nìkan ni a ó fara mọ́ ọṣẹ, nítorí pé omi lásán kò lè yọ epo pupa: ẹ kán ọṣẹ tí a fi ń fọ àwo díẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ gbé ọmọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì bu omi sí i láti orí lọ sí ìrù, ní ọ̀nà tí irun rẹ̀ gbà dùbúlẹ̀, láìrin ín. Kí omi má ṣe kan ojú àti imú. Ẹ wá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ mìíràn ṣan án títí tí omi yóò fi mọ́, kí ẹ fi aṣọ ìnura fà á gbẹ, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ gílóòbù títí irun rẹ̀ yóò fi wú padà. Ọ̀sán tí oòrùn mú ni kí ẹ ṣe é. Àwọn tí èérí nìkan wà lára wọn kò nílò ọṣẹ kankan. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ yóò rọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbàgbé agbada. Omi tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò jù ni èyí tó jìn tó kí ó lè ri àgógó bọ̀ ọ́ títí kọjá ihò imú, tí kò sì fẹ̀ tó kí ara rẹ̀ wọlé. Ihò imú rẹ̀ ga lórí àgógó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú, nítorí náà àwo pẹrẹsẹ tí ẹ fi ń bu omi fún wọn kò lè jẹ́ kí wọ́n fọ imú àti ojú wọn. Ibẹ̀ ni ipin ti wá. Róbà kọ́sítáàdì ni àwa ń lò. A máa ń gé ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí orí wọn lè wọ̀ ọ́, a máa ń dé ọmọrí rẹ̀, a sì máa ń gbé e lé orí wáyà alásẹ́ tí a tẹ́ sórí abọ́ fífẹ̀ kan, kí èyí tó bá dànù lè ṣàn sínú abọ́. Ẹ jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́: ọmọ náà yóò ti orí bọ ihò, yóò fẹ́ èémí sínú omi, yóò gbé orí jáde, yóò gbọn omi sí èjìká ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu to irun àyà rẹ̀. Ìwẹ̀ tó tó fún un nìyẹn.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn lé ló kàn. Ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kún fún omi, ìdí nìyẹn tí ibùsùn tí ẹnikẹ́ni ń yí fún adìẹ lọ́sẹ̀ kan fi gbọdọ̀ di ojoojúmọ́ fún wọn. Ẹ tẹ́ èérún pákó tí àwọn káfíńtà fá sílẹ̀, kì í ṣe ìwé ìròyìn nítorí pé ó ń yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì máa kó ibi tó bá tutù kúrò láàárọ̀ àti lálẹ́. Nípa ooru, ìwọ̀n 32 lórí ẹ̀rọ Celsius ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ó sì máa fi nǹkan bí 3 dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí ń wọn ooru, ẹ wo bí wọ́n ṣe sùn: bí wọ́n bá kó ara wọn jọ gegere, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá jìnnà sí gílóòbù tí wọ́n ń mí hẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù.

Oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Èérí ògì nìkan kò lè mú kí ìyẹ́ hù. Fítámì B3 tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò ju ti ọmọ adìẹ lọ, àgbàdo kò sì lè fún un tó, àìtó rẹ̀ ló ń mú kí ẹsẹ̀ wọn wọ́ kí ìyẹ́ wọn sì má hù dáadáa. Oúnjẹ ọmọ adìẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà dára, kí ẹ máa lọ ẹja gbígbẹ sí i, kí ẹ sì fi B3 tó wà nínú oògùn fítámì àwọn ẹran ọ̀sìn sínú omi wọn. Kúlíkúlí tó ti hu èbu, ẹ má ṣe fún wọn láéláé, nítorí pé májèlé inú rẹ̀ tètè ń pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀sìn lọ.

Ìyẹ́ gidi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ní ìrù bí wọ́n bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; ti apá ló máa ń gbẹ̀yìn. Bí àyà àti ikùn bá ti bo tán, tí wọ́n sì ń fi ẹnu kan ìdí wọn léraléra, ẹ lè gbé agbada padà wá lọ́sàn-án, kí omi má ju ikùn wọn lọ, kí ẹ sì dúró tì wọ́n.

A ó fún yín ní méjì dípò àwọn tó kú, láìgba kọ́bọ̀. Abẹ́ ìyá pẹ́pẹ́yẹ ni àwọn wọ̀nyí wà, a kò sì ní yọ wọ́n kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa kọ ọ́ sára páálí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bóyá adìẹ ni ó pa ọmọ tí ó rà tàbí pẹ́pẹ́yẹ. Bí ọwọ́ yín kò bá gba fífọ epo pupa náà, ẹ fi aṣọ wé èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀, kí ẹ gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́kọ́jọ́, kí a jọ fọ̀ ọ́ níbí.