Káàdì tí kò gba èlé kò bá ẹnikẹ́ni san gbèsè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ fún ara wa lẹ́yìn ìsìn, lọ́dọ̀ onídìrí ní Peckham àti lórí WhatsApp: "Ṣé gbèsè káàdì ló ń dà ọ́ láàmú? Lọ gba èyí tó jẹ́ 0%, kó o gbé gbogbo ẹ̀ sórí ẹ̀, ó ti tán nìyẹn." Ìdajì ọ̀rọ̀ náà dáa. "Ó ti tán" yẹn ló ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà, torí gbèsè náà ò tán rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún káàdì náà ní ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ohun tí àwọn báǹkì ń pè ní balance transfer ni pé káàdì tuntun á bá yín san gbèsè tó wà lórí káàdì àtijọ́, ẹ ó wá máa san owó náà padà fún káàdì tuntun láìsí èlé fún iye oṣù tí wọ́n dá fún yín. Ká ní £3,000 lẹ jẹ lórí káàdì tó ń gba èlé 24.9% lọ́dún. Èlé oṣù kan péré á tó £56. Tẹ́ ẹ bá ń san £154.50 lóṣooṣù, ó máa lé lọ́dún méjì kẹ́ ẹ tó bọ́, èlé tẹ́ ẹ máa san á sì sún mọ́ £760. Ẹ wá gbé e lọ sórí káàdì tó fún yín ní 20 oṣù láìgba èlé, tó sì gba 3% torí pé ó bá yín gbé e. £90 nìyẹn, gbèsè di £3,090. Ẹ fi 20 pín in, £154.50 kan náà ni. Lóṣù ogún, ẹ ti bọ́, £90 nìkan lẹ fi lé e. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀tàn ni káàdì yìí látòkè délẹ̀ kò sọ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń sọ pé bí oṣù 0% bá ti parí, wọ́n á padà lọ ka èlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Orí owó tó bá ṣẹ́ kù nìkan ni èlé balance transfer máa ń bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ tí àǹfààní náà bá parí.

Àmọ́ £154.50 yẹn kọ́ ni báǹkì ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ohun tó máa wà nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ni minimum payment, iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè san. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, nǹkan bí 1% gbèsè ni, tí èlé ò bá sí níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, kò tó £31 lóṣù àkọ́kọ́. Èèyàn tó ti ń fi èlé £56 ṣòfò lóṣooṣù á rí £31, ara á tù ú. Á ṣe direct debit sórí minimum, ìyẹn ni pé owó náà á máa kúrò ní àkáǹtì ẹ̀ fúnra ẹ̀ lóṣooṣù, á gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ san rí, kò sì jẹ ìtanràn kankan, síbẹ̀ tí oṣù ogún bá fi máa parí, gbèsè ẹ̀ á ṣì tó nǹkan bí £2,527. Lóṣù kọkànlélógún, èlé á tún dé, ó lè tó £47 lóṣù. Gbígbé ẹrù kúrò lórí wá sí èjìká kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ tí káàdì bá dé ni kẹ́ ẹ pín gbogbo gbèsè sí iye oṣù tí wọ́n fún yín, kẹ́ ẹ sì ṣe direct debit sórí iye yẹn gan-an. Ẹ yọ oṣù kan kúrò nígbà tẹ́ ẹ bá ń pín in, torí pé lórí ọ̀pọ̀ káàdì, ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì ni wọ́n ti ń ka oṣù, kì í ṣe ọjọ́ tí gbèsè dé ibẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni káàdì àtijọ́. Nígbà tí gbèsè bá ti kúrò lórí ẹ̀, ó ṣófo, £3,000 tún wà níbẹ̀ tó ń pe èèyàn. Oṣù September dé, aṣọ iléèwé àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ ẹbí, torí ẹ̀gbọ́n kan ń ṣe àádọ́ta ọdún. December wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ti gbówó lórí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ìwà àpà, ohun tí ayé ń béèrè lọ́wọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbèsè kan ti wá ní méjì báyìí, èyí tí kò ní èlé àti èyí tó ní. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ti àkáǹtì àtijọ́ yẹn pa. Tí ìyẹn bá ṣòro, ẹ ní kí báǹkì dín iye tó wà lórí ẹ̀ kù.

Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé náà ńkọ́? Gbèsè tẹ́ ẹ gbé wá nìkan ni 0% yẹn bò. Tẹ́ ẹ bá fi káàdì náà fa owó lẹ́nu ẹ̀rọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni èlé ti bẹ̀rẹ̀, owó iṣẹ́ sì wà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káàdì ló sì ka fífi owó ránṣẹ́ sí Nàìjíríà mọ́ owó fífà. Òfin ní kí owó téèyàn bá san kọ́kọ́ lọ sórí apá gbèsè tí èlé ẹ̀ wọ́n jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé £154.50 yín á kọ́kọ́ lọ parí owó ìsìnkú tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, gbèsè tẹ́ ẹ torí ẹ̀ gba káàdì á sì wà níbi tó wà.

Ẹ má pẹ́ san o. Ìtanràn £12 ló wọ́pọ̀, wọ́n sì lè gba 0% náà lọ́wọ́ yín. Ẹ tún kíyè sí "up to" tó wà nínú ìpolówó: wọ́n lè polówó oṣù mẹ́rìnlélógún, kí wọ́n sì fún ẹ̀yin ní méjìlá. Ẹ lo eligibility checker, ohun tó ń sọ bóyá wọ́n lè fún yín ní káàdì, kẹ́ ẹ tó kọ̀wé béèrè, torí àwọn báǹkì yòókù kì í rí ìwádìí yẹn nínú àkọsílẹ̀ yín.

Èyí tí ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni pé àwọn gbèsè kan wà tó yẹ kó ṣíwájú káàdì: owó ilé, gáàsì àti iná, àti council tax, ìyẹn owó orí tí kánsù ń gbà lórí ilé téèyàn ń gbé. Ní England, tẹ́ ẹ bá fo ìdá kan council tax, wọ́n á kọ lẹ́tà pé kẹ́ ẹ san án láàárín ọjọ́ méje. Tẹ́ ẹ ò bá san án, owó gbogbo ọdún náà tó kù lè di èyí tí wọ́n ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà kóòtù, lẹ́yìn náà bailiff, ẹni tó ń wá gba gbèsè tàbí kó ẹrù, lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí ẹni tó ń forí ṣe fọrùn ṣe kó má bàa pẹ́ san káàdì, tí lẹ́tà kánsù sì wà lórí tábìlì láìtú. Káàdì lè dúró. Kánsù kì í dúró.

Àjọ táwa fúnra wa ń dá wúlò níbí. Ẹni tí yóò kó lóṣù kẹwàá lè da odindi owó náà sórí káàdì tí kò gba èlé, kó sì tún pín ohun tó kù. Mo fara mọ́ èyí ju káàdì kẹta lọ.

Tó bá jẹ́ pé káàdì lẹ fi ń ra oúnjẹ, 0% kọ́ ló máa yọ yín. Ẹ pe StepChange, National Debtline tàbí Citizens Advice, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Láti 2021, ètò kan wà ní England àti Wales tí wọ́n ń pè ní Breathing Space: fún 60 ọjọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ jẹ lówó ò gbọ́dọ̀ fi èlé kún un, wọn ò sì gbọ́dọ̀ máa dà yín láàmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa san owó ilé àti iná tó ń wọlé. Ẹ ò lè fúnra yín béèrè fún un, olùdámọ̀ràn lórí gbèsè ló máa bá yín ṣe é. Kẹ́ ẹ tó pè wọ́n, ẹ kó gbogbo lẹ́tà jọ, títí kan èyí tẹ́ ẹ ò tíì tú.