Àyẹ̀wò ilẹ̀ tí èsì rẹ̀ kò dé oko, iṣẹ́ àṣedànù ni

Ó ti lé ní 60 ọdún tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ya ilẹ̀ agbègbè wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ilẹ̀ pupa alámọ̀ tó gba kòkó, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ìtagúnmodì lẹ́bàá Iléṣà pè, èyí tó ní òkúta wẹ́wẹ́ lókè, èyí tó jẹ́ kìkì yanrìn nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà kò tíì gba bébà kan rí tó sọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Ohun tí à ń béèrè kò ju báyìí lọ: ẹnikẹ́ni tó bá bu ilẹ̀ lóko olóko, kó dá èsì padà fún un, ní Yorùbá, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Nínú ìpàdé la ti sábà máa ń pa òwe yìí, ká má purọ́; oko ló ti yẹ ká máa rí i. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ibi tí ẹ̀kan bá ti gbalẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń kó èèpo kòkó jọ lọ́dọọdún, tí potásíọ̀mù, ọ̀kan lára oúnjẹ ọ̀gbìn, á fi pọ̀ níbẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí bàbà tó wà nínú oògùn aláwọ̀ búlúù tí à ń fín sí kòkó kó má baà rà. Bàbà kì í jẹrà. Oko tí wọ́n ti ń fín láti ayé bàbá-ńlá, ojú ilẹ̀ ló ń kó jọ sí, bó bá sì pọ̀ jù, ó ń ṣe ekòló léṣe.

Ibi bíbu ilẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ pín oko sí ìpín-ìpín, ẹ má da ilẹ̀ òkè pọ̀ mọ́ ti àbàtà. Ní ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn kọ́lọkọ̀lọ, ẹ gbá ewé kúrò, kí ẹ bu ojú ibi 15 sí 20, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, bí gígùn báírò. Ẹ yẹra fún òkìtì ìkán, ojú ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti dáná àti ibi òkìtì èèpo kòkó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni kí ẹ pò ó pọ̀ sí. Síńkì ara bọ́kẹ́ẹ̀tì páànù lè ba èsì jẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ da méjì tó kọjú síra nù, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi ku ìdajì kílò. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá a sí. Bí ẹ bá dì í ní tútù sínú ọ̀rá fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn kòkòrò àìfojúrí á ti yí iye náítírójìn tí ọ̀gbìn lè rí jẹ nínú rẹ̀ padà.

Àpò NPK 15-15-15 kan, ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti potásíọ̀mù, kílò 50, kílò méje ààbọ̀ péré ló ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí wọ́n ṣe ń kà á sára àpò. Bó bá jẹ́ potásíọ̀mù nìkan ni ilẹ̀ kò ní, àgbẹ̀ ti ra ẹrù méjì tí kò nílò. Bí ilẹ̀ bá sì kan jù, tí pH rẹ̀, òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀, wá sísàlẹ̀ 5.5, irin tó sọ ọ́ di pupa lè di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́wọ́, àgbàdo ò ní rí i jẹ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹfun ilẹ̀ tó ń pa kíkan rẹ̀ ló kọ́kọ́ nílò. Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ pínpín àpò kan náà fún gbogbo oko. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yọ díẹ̀ lára owó ajílẹ̀ san fún àyẹ̀wò, kí èsì sì sọ iye agolo mílíìkì tàbí àpò, kì í ṣe nọ́ńbà láàbù nìkan.

Kí àgbẹ̀ náà fi poro mẹ́rin sílẹ̀ láìfi ajílẹ̀ sí i, kí onímọ̀ padà wá lásìkò ìkórè, kí wọ́n jọ wọn irè ibi tí a fi ajílẹ̀ sí àti ti ibi tí a kò fi sí lórí òṣùwọ̀n kan náà, kí àwọn alájàpá tó kó ọjà lọ.