Ta ló sọ fún yín pé dókítà nìkan ni wọ́n ń fún ní sikọ́láṣíìpù genomics?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Lánàá, a jókòó nínú yàrá tá a ti ń jẹun níbi iṣẹ́, ọmọ nọ́ọ̀sì kan fi ìkéde sikọ́láṣíìpù hàn wá lórí fóònù ẹ̀, pé wọ́n fẹ́ sanwó fún òṣìṣẹ́ ìlera tó bá fẹ́ kọ́ clinical genomics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí jíìnì tá a jogún lára òbí ṣe kan àìsàn àti ìtọ́jú, kò tíì kà á tán tí ẹnì kan fi já a lẹ́nu pé "ìyẹn ò kàn wá o, ti dókítà àtàwọn ará láàbù ni." Gbogbo wọn bá ń mi orí. Ọmọ yẹn rọra ti fóònù ẹ̀ sápò. Inú bí mi gan-an, torí ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ọ̀gá mi kan sọ fún mi nígbà kan, odindi ọdún kan ni mo fi ṣòfò kí n tó gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ gbọ́. Ní England, látọdún 2014 ni Genomics Education Programme ti wà fún àwọn òṣìṣẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, wọ́n sì ń sanwó fún wọn láti kọ́ genomic medicine ní yunifásítì. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, agbẹ̀bí wà níbẹ̀, apòògùn wà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ pọn dandan kéèyàn ṣe másítàs tán, èèyàn lè mú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo níbẹ̀ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ dókítà nìkan ni wọ́n ń wá, kí ni wọ́n ń pe agbẹ̀bí fún?

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn gan-an, wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ ló ti ń ṣiṣẹ́! 5-FU, oògùn jẹjẹrẹ tó ń so mọ́ aláìsàn lọ́wọ́ lójoojúmọ́ yẹn, jíìnì kan tó ń jẹ́ DPYD ló ń bá ara palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ẹni tí tiẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ìwọ̀n tí ẹlòmíì ń gbà láìsí wàhálà lè pa á. Ìdí nìyẹn tí EMA, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ oògùn ní Yúróòpù, fi sọ ní 2020 pé kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa kọ́kọ́ rí i pé ẹnu aláìsàn ti bó, pé ìgbẹ́ gbuuru ò dá mọ́? Dókítà ni?

Èyí tí mo máa ń sọ jù ni ti àwọn ọmọ tuntun. Gentamicin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n jogún ìyàtọ̀ kékeré kan nínú jíìnì, m.1555A>G, látọ̀dọ̀ ìyá wọn, abẹ́rẹ́ yẹn lè sọ wọ́n di adití títí ayé. Bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan ló yẹ kí oògùn ti wọlé, kò sáyè pé à ń retí láàbù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wá ìyàtọ̀ yẹn, wọ́n dán an wò ní Manchester àti Liverpool, wọ́n á fi òwú ra ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ nínú, èsì á jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 26. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2022. Ẹ wá sọ fún mi pé ti ará láàbù ni.

Wọ́n á ní ó le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ECG, ìwé tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, láago mẹ́ta òru! Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

Nígbà témi náà wá gba fọ́ọ̀mù, mi ò kọ gírámà kankan sí i. Mo kọ nípa obìnrin kan tó bá nǹkan míì wá, à ń sọ̀rọ̀ lọ báyìí ló ní jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá òun, àbúrò ìyá òun náà ní in kó tó pé ogójì ọdún. Dókítà ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, kò béèrè. Èmi ni mo béèrè, mo pariwo ẹ̀, wọ́n yẹ BRCA1 ẹ̀ wò, jíìnì tó lè fa jẹjẹrẹ ọmú tó bá bàjẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Wọ́n gbà mí. Kíláàsì tí mo bọ́ sí, dókítà ibẹ̀ ò ju márùn-ún lọ.

Ó dáa, mo gbà, àwọn kan wà tó jẹ́ ti dókítà nìkan, òmíì sì wà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹ ka ìkéde dópin kẹ́ ẹ tó máa lé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn.

Ọmọ yẹn ti ń kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ báyìí. Ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí tó fi fẹ́ kọ́ ọ ló há sí, mo ní kó kọ nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń fún ní gentamicin.