Táìsì Kọ́ Ló Ń Mú Owó Ilé Wọlé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ilé àtijọ́ láti fi gba owó ilé ló gbà pé bí wọ́n bá ti lẹ táìsì, tí wọ́n ṣe POP (àjà funfun olọ́ṣọ̀ọ́), tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ara ògiri, owó ilé á fò sókè. Irọ́ ni. Owó tí wọ́n ná síbẹ̀ gan-an ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣègbé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní yàrá àti pálọ̀ kan ń mú ₦300,000 wá lọ́dún. Ẹ ná ₦1,200,000 sórí táìsì àti POP, ẹ wá fi ₦60,000 lé owó ilé. Ogún ọdún gbáko ni owó yẹn yóò fi padà wálé, táìsì ọ̀hún á sì ti sán kó tó dìgbà náà.

Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjẹ́ n'Ìbàdàn. Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ògiri wọn, símẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Ọ̀rinrin ń gùn ún láti ilẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún nígbà ọyẹ́, á dán. Bí òjò bá ti dé, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ la ojú àgbàrá, kí omi má dúró sí ẹsẹ̀ ògiri mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gun òkè àjà, ẹ wo igi tó gbé páànù dúró, bóyá ikán ti jẹ ẹ́. POP tí páànù bá ń jò sí lórí kò ní pẹ́ já lulẹ̀.

Bí ògiri bá sán gbòòrò, ẹ má fi símẹ́ńtì bò ó, ẹ pe ẹnjinníà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta-Fáàjì l'Ékòó, ilé ìwé wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí àwọn ọmọdé sì ṣòfò. Ìjọba ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o.

Kí wá ni ayálégbé ń fẹ́? Omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í ṣe àjùmọ̀lò, àti mítà iná tirẹ̀. Mítà yìí ni mo kà sí jù. Níbi tí gbogbo ilé bá ti ń dáwó iná pọ̀, ìjà kì í tán: ẹni tó ní fíríìjì ń bá ẹni tó ní gílóòbù kan ṣoṣo jà, ẹni tó bá sì níwà pẹ̀lẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kó jáde. Yàrá á ṣófo, owó á dúró. Ẹ pààrọ̀ wáyà àtijọ́ náà: 1.5mm fún iná, 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kànga kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ soakaway, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà wọlẹ̀.

Bí èèyàn bá ń gbé inú ilé náà kí ẹ tó rà á, ẹ kò lè lé wọn jáde lọ́sàn-án kan òru kan torí àtúnṣe. Lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti Èkó tọdún 2011, ìwé ìfitónilétí oṣù mẹ́fà pé kó kó jáde ló tọ́ sí ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ta ló wà níbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó, ìgbà wo sì ni owó wọn máa parí?