Ẹ yà fún wa lọ́nà ná, ká tó bá yín yọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún ọmọge? Inú ń bí mi gan-an ni o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Sátidé tó kọjá mo mú màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn lọ sí ọgbà Kew ní London níbí, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, owó gidi sì ni, torí mo fẹ́ kí wọ́n rí ilé gíláàsì tí wọ́n ń pè ní Palm House yẹn, èyí tí wọ́n ti kọ́ tán láti 1848. Bí wọ́n ṣe rí ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn sínú ilé, tí òyìnbó ń mú kí ara ẹ̀ móoru bí ọmọ tuntun, ẹ̀rín pa wọ́n. "Ọ̀pẹ lo sanwó fún pé kí n wá wò?"

Mo ní kí wọ́n dúró ná, pé igi kan ń bẹ níwájú tó jọ ọ̀pẹ àmọ́ tí kì í ṣe ọ̀pẹ, inú ìkòkò ńlá ló wà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e wá láti South Africa ní 1775, ó dàgbà ju ilé tó wà nínú ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ là ń lọ tá a fi bá àwọn kan tí wọ́n ti dí ọ̀nà pa, bàlúùnù funfun lọ́tùn-ún, iná kámẹ́rà lósì, ọmọ Yorùbá ni wọ́n o, ìyẹn ló dùn mí jù. "Mummy ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́jú méjì péré."

Iṣẹ́jú méjì wo? Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, òógùn ti bo màmá mi, wọ́n ti bọ́ kóòtù, bàbá arúgbó kan tó mú ọ̀pá dání dúró lẹ́yìn wa. Bọ̀bọ́ kúnlẹ̀ sórí irin oníhò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ọmọge fọwọ́ bo ẹnu, ó gbà, a pàtẹ́wọ́. Ó parí àbí? Kò parí o! Ooru ti bo ojú kámẹ́rà, fídíò ti funfun báláú, ẹni tó ń yà á ní kí wọ́n tún un ṣe. Bọ̀bọ́ bọ́ òrùka lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó dá a padà sínú páálí, ó tún kúnlẹ̀, ọmọge tún fọwọ́ bo ẹnu. Kí ló tún wá yà á lẹ́nu?

Tó bá wá jẹ́ pé ọmọ yẹn fẹ́ rò ó wò ńkọ́, níwájú fóònù bíi márùn-ún àti òyìnbó tó ń pariwo? Láyé àwọn ìyá wa, ọkùnrin á lọ, á bọ̀, á rán alárinà títí ẹsẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, kí ọmọbìnrin tó ṣíhùn, kò sì sẹ́ni tó ń ká a mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Màmá mi bi ọ̀kan nínú wọn pé ṣé bàbá ọmọ mọ̀ sí i, ó ní "Mummy, ìyẹn ṣì ń bọ̀." Ẹ gbọ́ ṣá.

Ọgbà tó lé ní 300 éékà o! Koríko tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níta, adágún omi wà, ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí lẹ rí. Màmá mi ní àwọn ò ṣe mọ́, a jáde, a ò dé ìdí igi 1775, ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n sì ń padà sílé. Tẹ́ ẹ bá ń wo fídíò yín, ìyá àgbà tó gbé kóòtù lápá, tó ń fi ìwé máàpù fẹ́ra, tó fajú ro yẹn, màmá mi nìyẹn.