Ta ló sọ pé òbí tí kò mọ orin kò lè ran ọmọ lọ́wọ́?

Bí tíṣà dùrù bá ní kí bàbá tàbí ìyá máa jókòó ti ọmọ tó bá ń dánra wò nílé, èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Èmi kẹ̀? Mi ò mọ nǹkan kan nínú orin o. Ẹ̀yin tí a sanwó fún, ẹ bá wa kọ́ ọ." Àwọn mìíràn á ní ẹ̀bùn ni: bó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, yóò jáde, bí kò bá sí, ìjókòó òbí kò lè fà á yọ. Irọ́ gbáà ni méjèèjì.

Ọmọ ọdún 5 kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 lọ́dọ̀ tíṣà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Ọmọ tí a ṣì ń bá wá ẹsẹ̀ bàtà kejì láràárọ̀, ṣé òun náà ló fẹ́ dá rántí ohun tí tíṣà sọ ní Sátidé?

Ẹ tẹ́tí sí ọmọ tó ń dá kọ́ orin nílé. Yóò mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sáré, yóò kọsẹ̀ níbì kan, yóò padà síbẹ̀rẹ̀, yóò tún kọsẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìkọsẹ̀ yẹn ló kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ kò nílò ìwé orin kí etí yín tó gbọ́ ibi tó ti ń bàjẹ́. Ohun tí ẹ ó sọ kò pọ̀: "Dúró. Ibi kékeré yẹn nìkan, ọwọ́ ọ̀tún nìkan, rọra." Bó bá gún, kó wá so ó mọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà ìka tí wọ́n kọ sórí nóòtù náà kò le rárá. Lórí dùrù, àtàǹpàkò ni 1, ìfábẹ̀lá ni 2, títí dé ọmọńdinrín tó jẹ́ 5. Bó bá jẹ́ violin, ẹ ṣọ́ra: ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì ni 1 níbẹ̀.

Shinichi Suzuki, tíṣà violin ará Japan tí wọ́n bí ní Nagoya lọ́dún 1898, sọ èyí di ìlànà. Nínú ètò rẹ̀, òbí á bá ọmọ lọ síbi ẹ̀kọ́, á kọ ohun tí tíṣà sọ sílẹ̀, òun náà ni yóò sì jẹ́ tíṣà ilé. Kódà, ìyá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ́ ní violin, kí ọmọ máa wò ó títí ojú rẹ̀ yóò fi wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kì í bi ìyá bóyá ó mọ orin tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún máa ń ní kí wọ́n máa fi rẹ́kọ́ọ̀dù orin náà sí i nínú ilé lójoojúmọ́, torí gbígbọ́ ló ń ṣáájú, bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè kó tó sọ ọ́.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, bàbá Suzuki yìí ló ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe violin, síbẹ̀ ọmọ náà ti tó bí ọdún 17 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Violin kúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò fọhùn.

Ẹ ó ní ọmọ Àyàn ńkọ́? Ẹ wo ọmọ tó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sóde ìnáwó pẹ̀lú omele. Ó ti ń gbọ́ oríkì lẹ́nu ìyáàlù láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bàbá sì ń wò ó lójú bó bá sáré jù. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sílé tí kò sí ìlù, ká wá wò ó bóyá orúkọ Àyánwálé yóò lu ìlù fún un.

Mi ò ní kí ẹ di ọlọ́pàá o. Òbí tó ń já lu ọ̀rọ̀ tíṣà, tó ń gbá ọmọ létí nítorí nóòtù kan, ó sàn kó lọ máa wo bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 lójúmọ́ tó ọmọ ọdún 5. Bó bá ń dàgbà, ẹ máa rọra yọwọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ tíṣà, ẹ bi í pé: "Ibo gan-an ni kó tún ṣe nílé?" Bó bá ní "Gbogbo rẹ̀ ni," ẹ tún bi í.